Ọdẹ́ríndé àti Iye Àgbọ̀nrín Inú Igbó Àìdáko

Ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán. Ẹni tó bá gbé iṣu ka iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí, bí ẹ bá sọ ibì kan nù nínú rẹ̀, n kò ní padà sẹ́yìn wá a fún yín. Ogójì ọdún ó lé mẹ́ta ni èmi tí ẹ ń wò yìí fi dẹ igbó. Èmi àti ẹfọ̀n ti wo ara wa lójú rí, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ ọ̀gá mi, ṣe ni mo máa ń ṣí fìlà. Ọdẹ́ríndé ni wọ́n ń pè é, ọmọ Òkè-Àsùnwọ̀n. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yìn ilé Òkè-Àsùnwọ̀n ni Igbó Àìdáko wà. Kò sí ẹni tó mọ òpin rẹ̀. Àwọn iwin ló ni inú rẹ̀, àwọn ọdẹ ìlú kò sì kọjá etí rẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó wọ inú rẹ̀ lọ, kò sí èyí tó padà bọ̀. Ní ọdún tí mò ń wí yìí ni àgbọ̀nrín tú jáde láti ibẹ̀ bí eéṣú. Wọ́n jẹ èrèé, wọ́n jẹ ewé ẹ̀gẹ́, wọ́n jẹ ilá tòun ti igi rẹ̀. Èèyàn á fi oko sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á mọ́, á bá a kodoro bí orí tí wọ́n fá. Àwọn ọdẹ ń pa wọ́n, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Èyí ló pa àwọn ọdẹ lẹ́nu mọ́.

Ọba pe gbogbo ìlú sí ààfin. Jagùnnà, olórí àwọn jagunjagun, ló kọ́kọ́ dìde. Oko rẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti jẹ run. Ó ní, "Kábíyèsí, ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n ti iná bọ igbó yẹn, kí gbogbo ohun tó ń jẹ́ àgbọ̀nrín jóná ráúráú. Bí wọ́n bá tán, ọ̀rọ̀ tán."

Àwọn ọdẹ figbe ta. Wọ́n ní ẹran àwọn baba àwọn ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n mọ́ títí di ọdún méje. Ariwo sọ. Ọdẹ́ríndé nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́, ó fẹ àyà bí àkùkọ. Ìwo akọ àgbọ̀nrín mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ló kàn mọ́ ògiri ilé rẹ̀, kò sì sí ọdẹ kan ní ilẹ̀ náà tó ní ìdajì rẹ̀. Abo kì í wọ ilé rẹ̀. Ó ní abo kò ní ìwo, ẹran tí kò bá ní ìwo kò ní oríkì.

Obìnrin kan wá dìde láti ẹ̀yìn. Ìbídùnní lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú náà ni, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko igbó ní yunifásítì kó tó padà wálé. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń bẹ àwọn ọdẹ pé kí wọ́n má ju párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran tí wọ́n bá pa nù, kí wọ́n kó o wá fún òun. Yàrá rẹ̀ kún fún egungun. Ìyá Eléegun ni àwọn ọmọdé ń pè é.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Àwọn tó ní kí a pa wọ́n run, mélòó ni wọ́n? Àwọn tó ní kí a má fọwọ́ kàn wọ́n, mélòó ni wọ́n?"



Ọba wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó dáhùn. Ó ní, "Ìbídùnní, lọ kà wọ́n. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fún ọ. Bí oòrùn ọjọ́ náà bá dé àtàrí tí n kò rí ọ, Jagùnnà yóò ṣe bó ti wí. Ta ni yóò bá a lọ?"

Àwọn ọdẹ tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná ẹsẹ̀ wọn. Ọdẹ́ríndé ló dìde. Ó sọ fún mi nígbà tó darúgbó pé kì í ṣe ìgboyà ló gbé òun dìde. Ìbéèrè ọmọ yẹn ló gún òun. Òun mọ iye tí òun pa dé orí ẹyọ kan, òun kò sì mọ iye tó kù.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe rí. Wọ́n wọ igbó, igbó gbà wọ́n. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n já sí ìlú kan tó ń jẹ́ Ajẹtán. Ìwo ni wọ́n fi ṣe ọgbà ibẹ̀, awọ ni wọ́n fi bo ilé, ṣùgbọ́n ojú àwọn ará ìlú náà ti wọnú, ìgbọ̀nwọ́ wọn mú bí abẹ. Bí wọ́n ti rí Ọdẹ́ríndé ni wọ́n ju awọ àgbọ̀nrín kan sí i.

Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ olórí wọn ní, "Wọ̀ ọ́. Àgbọ̀nrín tán nílùú wa láti ayé àwọn baba wa. Ọdẹ ni wá, ọdẹ kò sì lè ṣe kó má dẹ. Ara wa là ń dẹ. Lójoojúmọ́ ẹnì kan á gbé awọ wọ̀, á sá, àwa á lé e. Ẹ̀yin àlejò ló kàn lónìí."

Ìbídùnní dojú kọ ọ́. "Bàbá, ìgbà wo lẹ mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ tán?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín tí kò ní ayọ̀ nínú. "A kò mọ̀. Èyí tí a pa kẹ́yìn kò yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. A jẹ ẹ́, a ju egungun rẹ̀ nù, a tún di àpò ọdẹ ní ọjọ́ kejì."

Wọ́n fi ọ̀kọ̀ ti Ọdẹ́ríndé lẹ́yìn. Ó gbé awọ wọ̀, ó bẹ́ sí igbó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ mọ eré, ẹ dákẹ́ ná! Ọkùnrin tó ti lé ẹran fún ọgbọ̀n ọdún wá di ẹni tí wọ́n ń lé. Ó gbọ́ kí igi tín-ín-rín dá lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ òórùn òógùn wọn kó tó rí wọn.  Ọ̀kọ̀ kan fẹ́ etí rẹ̀ kọjá, òmíràn gún ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó rí i pé eré kò lè gba òun, ó ronú bí ẹran. Ó bọ́ awọ náà, ó so ó mọ́ ẹ̀ka igi níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ẹ, òun sì dọ̀bálẹ̀ sínú omi títí dé imú. Wọ́n yí awọ náà ká, wọ́n ń gún un, wọ́n ń hó. Ibẹ̀ ló ti rá jáde. Ìbídùnní ti lo ariwo náà láti kó ẹrù àti ìbọn wọn yọ́ kúrò nílùú, ó sì ń dúró dè é ní ìsàlẹ̀ odò.  Wọ́n gba bèbè odò lọ títí oòrùn fi yí.

Ìlú kejì tí wọ́n dé, Máfọwọ́kàn-án lorúkọ rẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé àgbọ̀nrín, ká má tilẹ̀ sọ pé kó pa á. Ọdẹ́ríndé kọ́kọ́ rò pé ọ̀run ọdẹ lòun dé. Nígbà tó wò dáadáa, ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ilẹ̀ títí dé ibi àyà èèyàn, kò sí ewé kan lórí igi kankan. Àgbọ̀nrín tó wà níbẹ̀ kò ṣe é kà, ṣùgbọ́n ìhà gbogbo wọn ló yọ, ikun ń ṣàn nímú wọn, wọ́n ń wúkọ́ bí arúgbó. Wọ́n ti jẹ koríko òrùlé ilé tán, orí àpáta ni àwọn ará ìlú ń sùn.

Obìnrin kan ké sí wọn láti orí àpáta, "Ẹ má dúró! Bí ẹ bá ní ohun tútù lára, ẹ jù ú nù!"

Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń wí, àgbọ̀nrín ti gbọ́ òórùn ẹ̀fọ́ tó wà nínú àpò Ìbídùnní. Wọ́n bò wọ́n. Wọn kò kàn, wọn kò gbá, wọ́n kàn ń tẹ̀ síwájú ni, imú lórí imú, ojú wọn rí bí ojú ọmọ tí ebi ń pa. Ẹran ń ṣubú, òmíràn ń gorí rẹ̀. Ìbídùnní lọ sílẹ̀ lábẹ́ wọn, ariwo rẹ̀ ń rì. Ọdẹ́ríndé tó ti pa ẹran lé ní ọgọ́rùn-ún kò rí ibi tí yóò yìnbọn sí. Ó fi apá wa ọ̀nà láàárín wọn bí ẹni wa omi, ó fa irun orí ọmọbìnrin náà títí ó fi yọ orí rẹ̀ síta, ó sì sọ àpò náà nù réré. Wọ́n ya lọ síbẹ̀ gìrìrì.

Ìbídùnní jókòó, ó ń mí gúlegúle. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ìlú àkọ́kọ́ pa wọ́n tán. Ìlú yìí ń fi ebi pa wọ́n tán."

Ọdẹ́ríndé ní, "Àṣejù ni, ọmọ mi. Baba àṣetẹ́ ni."

Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n dé àfonífojì tó jẹ́ àárín gbùngbùn igbó náà, ibi tí omi kan ṣoṣo ti ń sun. Ibẹ̀ ni àgbọ̀nrín tó ń wá jẹ oko Òkè-Àsùnwọ̀n ń gbé. Igi tó yí àfonífojì náà ká ní ojú, wọ́n ní imú, wọ́n ní ẹnu. Bí Ọdẹ́ríndé ti fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn ni igi náà fọhùn wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rin ni mo wí. Ó dá mi lójú nígbà yẹn." Ọdẹ́ríndé fà sẹ́yìn. Ọdẹ ni igi náà nígbà kan.

Ilẹ̀ mì. Olúgbó dìde, ẹni tó ni igbó. Ó ga bí àràbà, ara rẹ̀ rí bí òkìtì ọ̀gán, ẹyẹ tẹ́ ìtẹ́ sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó bá mí, gbogbo ewé àfonífojì á yí ẹ̀yìn padà. Ó ní, "Ẹran agbo mi mélòó ló wà nínú igbó yìí? Ọjọ́ mẹ́fà ni ẹ ní. Ẹ ṣi iye, ẹ di igi. Ẹ sá, ẹ di igi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbídùnní ní kí wọ́n má tilẹ̀ gbìyànjú láti ka ẹran tó ń sá kiri, nítorí èyí tí wọ́n kà lókè á tún kọjá nísàlẹ̀. Okùn ìko ló rì sínú osùn títí ó fi pọ́n. Ọdẹ́ríndé dẹ àwọ̀n sí ojú ọ̀nà omi, ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀gá mi ni, àwọ̀n tó bá dẹ, afẹ́fẹ́ gan-an kò ní rí i. Ẹran tó bá kó sí i, Ìbídùnní á so ìko pupa mọ́ ọn lọ́rùn, á tú u sílẹ̀ láì ṣe é léṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi so ogójì. Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n fi àwọn ẹran náà sílẹ̀ kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ọjọ́ kẹfà, wọ́n jókòó sí bèbè omi láti àárọ̀, wọ́n ń wo àwọn tó ń wá mu. Ọgọ́ta ni wọ́n rí. Méjìlá ló ní ìko lọ́rùn. Nínú ọgọ́ta náà, mẹ́sàn-án péré ló jẹ́ akọ.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì nígbà náà. Ìbídùnní ní igba ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe igba géérégé. Ọdẹ́ríndé ní, "Igba ni kí o wí, kí o fẹ ẹnu sí i! Ṣé o kò mọ iwin ni? Bí o bá ṣiyèméjì níwájú rẹ̀, a ti kú."

"Bàbá Ọdẹ, bí mo bá sọ ẹyọ iye kan, irọ́ ni mo pa."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ ni Olúgbó dé. Ó bi wọ́n. Bó ti ń bi wọ́n ni èèpo igi bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ òsì Ọdẹ́ríndé bọ̀, tútù, líle. Ó dé kókósẹ̀, ó dé ojúgun.

Ìbídùnní ní, "Ogójì la fi àmì sí. Nínú ọgọ́ta tí a tún rí, méjìlá ló ní àmì, ìyẹn ẹyọ kan nínú márùn-ún márùn-ún. Bí ogójì bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún, gbogbo wọn tó igba."

"Igba géérégé?"

Èèpo igi dé orúnkún. Ọdẹ́ríndé fẹ́ kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni. Ahọ́n rẹ̀ ti gbéra. Ó wo ojú ọmọbìnrin náà, ó rí òógùn lórí imú rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

"Rárá," ni Ìbídùnní wí. "N kò mọ̀ ọ́n géérégé. Wọn kò dín ní àádọ́jọ, wọn kò ju ọ̀tàlérúgba lọ. Ibi tí ìmọ̀ mi dé nìyẹn."

Olúgbó mí kanlẹ̀. Ewé àfonífojì yí ẹ̀yìn padà, ó tún yíjú. Ó ní, "Gbogbo àwọn igi yìí ló mọ̀ ọ́n géérégé." Èèpo náà dúró sí orúnkún, kò gòkè mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. "Ó ku ìbéèrè kan. Agbo mi ń bí bí eku, akọ kò sì tó nǹkan nínú wọn. Ta ló ṣe é?"

Ìbídùnní tú párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dì mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi eyín wọn han. Eyín ẹran tó ti pẹ́ láyé máa ń jẹ pẹrẹsẹ, ti ọ̀dọ́ máa ń mú ṣóńṣó. Gbogbo párì tí àwọn ọdẹ Òkè-Àsùnwọ̀n kó wá, akọ ni, ọ̀dọ́ sì ni púpọ̀ wọn. Wọ́n ń pa akọ nítorí ìwo, wọ́n ń fi abo sílẹ̀. Abo ń bí, àwọn ọmọ abo ń bí, akọ díẹ̀ tó kù sì tó fún gbogbo wọn. Kò dárúkọ ẹnì kankan. Ó kàn ń to egungun lọ.

Ọdẹ́ríndé wo egungun wọ̀nyẹn. Ó mọ púpọ̀ nínú wọn bí èèyàn ṣe ń mọ ojú àna rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn tó kù ń fara wé mi."

Èèpo igi là, ó jábọ́. Olúgbó nawọ́, igbó sì pínyà sí méjì, ọ̀nà ọjọ́ mẹ́wàá súnkì di ọ̀nà òwúrọ̀ kan. Ó ní, "Oòrùn ọjọ́ kẹtàdínlógún ti yọ nílé yín o."

Wọ́n sáré. Ẹsẹ̀ òsì Ọdẹ́ríndé kò fẹ́ ká, títí tó fi kú ni kò ká dáadáa mọ́. Oòrùn ń gun òkè, wọ́n ń sáré. Òórùn epo àti èéfín kọlù wọ́n kí wọ́n tó rí ìlú. Nígbà tí wọ́n yọ, Jagùnnà ti gbé ògùṣọ̀ sókè, koríko gbígbẹ wà níwájú rẹ̀, gbogbo ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọba.

Ọdẹ́ríndé kò ní èémí tí yóò fi ké. Ó ju ara rẹ̀ sí àárín koríko náà, níwájú iná, ó dùbúlẹ̀ gbalaja.

Jagùnnà ní, "Dìde níbẹ̀!"

"Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, Jagùnnà. Onílé ni kò ní gbà fún un. Jó èmi ná."

Ọba ní kí wọ́n sọ ògùṣọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Mélòó ni wọ́n?" Ìbídùnní sọ ọ́ bó ti sọ ọ́ fún Olúgbó. Jagùnnà bú sẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, iye kan ṣoṣo kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́!" Ọ̀pọ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ọdẹ́ríndé bá gbé ara rẹ̀ ńlẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tí ojú wọn rí. Ó sọ pé ìwo tó wà lára ògiri òun ló kó abo jọ sínú igbó. Àwọn tó ń sun ìjálá fún un látọjọ́ yìí gbójú sílẹ̀. Ìbídùnní ní kí wọ́n má pa akọ kankan fún ọdún mẹ́ta; kí wọ́n máa pa abo márùndínlógójì lọ́dún, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹyọ kan lé e. Ọba gbà. Àwọn ọdẹ kùn, nítorí abo kò ní ìwo. Ọdẹ́ríndé ló kọ́kọ́ lọ. Ó gbé abo àkọ́kọ́ wọ ìlú ní ọ̀sán gangan, ẹnikẹ́ni kò kọrin fún un, ó sì gbé e kọjá láàárín wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro.

Èrèé so ní ọdún náà. Ó tún so ní ọdún kejì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ìbídùnní kiri ìlú, Ìyá Eléegun wá di orúkọ iyì. Ní ọdún kẹta, òun àti Ọdẹ́ríndé tún ka ẹran bí wọ́n ti ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Ọba pe ìpàdé kó lè fún un ní oyè.

Ìbídùnní kúnlẹ̀, kò gba oyè náà. Ó ní, "Kábíyèsí, mo ṣìṣe. Mo rò pé wọn yóò máa bí ju bí wọ́n ti ń bí lọ. Wọ́n ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún. Bí a bá tún pa márùndínlógójì lọ́dún yìí, a ti ń lọ sí Ajẹtán. Kí a pa mẹ́wàá péré."

Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ bí kò bá sọ. Ọdẹ́ríndé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo Jagùnnà, nítorí ó rò pé ibi tí Jagùnnà yóò ti bú Ìbídùnní nìyí.

Jagùnnà dìde.  Ó ní, "Kábíyèsí, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń jókòó ní ààfin yìí. Mo ti gbọ́ irọ́, mo ti gbọ́ àwáwí, èmi náà ti pa tèmi. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣìṣe kí wọ́n tó ká a mọ́ ọn." Ó yíjú sí àwọn ọdẹ. "Mẹ́wàá ló wí. Ẹni tó bá pa ìkọkànlá, èmi ni yóò bá."

Ó gbé àpótí rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ìjòyè, ó rìn dé ọ̀dọ̀ Ìbídùnní àti Ọdẹ́ríndé, ó sì jókòó tì wọ́n.

Ẹ gbé àpótí yín, ẹ máa lọ. Ọ̀fun mi ti gbẹ, ìtàn ti délé.